Ẹ̀fọ́ tútù àti ẹ̀fọ́ inú agolo: èwo ló ṣara lóore jù?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nínú ilé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè òkun, ó sì ti ń wọ ilé àwa tí a wà nílé náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan tí mo mọ̀ gbéra láti Ìbàdàn, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tọ́jú ìkókó ní London. Ọjọ́ kejì tó débẹ̀ ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ohun tó bá níbẹ̀ ni agolo tòmátò, agolo àgbàdo, agolo ẹ̀wà àti agolo ẹ̀fọ́ spinach, tí wọ́n tò léra wọn bíi ti ṣọ́ọ̀bù. Màmá káwọ́ lérí. Ó ní, "Oúnjẹ tó ti kú láti ọdún èṣí nìyí! Ṣé òun lo fẹ́ máa jẹ tí omi ọmú á fi wá fọ́mọ?" Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Tòmátò tútù tí wọ́n ń tà níbí lásìkò òtútù yìí kò pọ́n dénú, omi lásán ni. Ti inú agolo yìí ló ń jọ ọbẹ̀ ilé." Màmá kò gbà. Ó ní òun kò ní í fi ọwọ́ òun se ohun tí wọ́n fi irin dé mọ́lẹ̀.

Ta ló jàre nínú wọn? Àwọn méjèèjì ló mú òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ló sì ṣì í níbì kan. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi gbólóhùn kan dá, nítorí pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ara ń wá nínú ẹ̀fọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kò dín ní 400 gíráàmù lóòjọ́, ohun tí a sì ń torí rẹ̀ jẹ ẹ́ pọ̀. Fítámì C wà níbẹ̀, tó ń mú kí egbò tètè jinná, tó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ewébẹ̀. Kárótíìnì wà níbẹ̀, tí ara ń sọ di fítámì A fún ojú. Fọ́léètì wà níbẹ̀, tí aláboyún kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní kí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú rẹ̀ lè dì dáadáa. Ká má tíì sọ ti kálíṣíọ̀mù, pọtáṣíọ̀mù, àti ṣàkàṣákà tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀.

Ìwà àwọn èròjà wọ̀nyí kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Fítámì C ló jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù nínú wọn: ooru ń pa á, atẹ́gùn ń bà á jẹ́, omi sì ń fà á jáde. Fọ́léètì náà ń bẹ̀rù ooru àti omi. Kárótíìnì kò ka omi sí, epo ló mọ̀. Ní ti kálíṣíọ̀mù àti irin, kò sí iná ìdáná tó lè run wọ́n, àfi kí omi tí a dà nù kó lára wọn lọ. Ṣàkàṣákà kò ní wàhálà kankan. Bó wà lóko, bó wà nínú agolo, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa léèrè: kí ni à ń pè ní tútù? Ẹ̀fọ́ tí ìyá àgbà já lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó wọ inú ìkòkò kí oòrùn tó wọ̀, tútù gidi nìyẹn, kò sì sí agolo kankan láyé tó lè bá a du ipò. Tẹ̀tẹ̀ tútù tó wúwo tó 100 gíráàmù ní nǹkan bí 43 mìlígíráàmù fítámì C, kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ sì lé ní 200 mìlígíráàmù. Ewédú kò jìnnà sí i, irin inú tirẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ̀tẹ̀ lọ. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ṣì ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé?

Ẹ wo tòmátò tí à ń rà ní Mile 12 l'Ékòó tàbí ní Bódìjà n'Íbàdàn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti Kano, Kaduna, Katsina àti Jos wá. Ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kano, omi adágún Tiga ni wọ́n fi ń bomi rin oko lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á kó tòmátò sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á to apẹ̀rẹ̀ léra wọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ á sì rìn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà nínú ooru, lórí títì tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Bí táyà kò bá bẹ́, tí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró kò sì pọ̀ jù, ọjọ́ méjì ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè di mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á ti fọ́, omi rẹ̀ á máa kán sójú ọ̀nà. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń sọ ni pé ó súnmọ́ ìdajì tòmátò tí à ń gbìn ní Nàìjíríà tó ń ṣòfò kó tó dénú ìkòkò. Èyí tó bá gúnlẹ̀ ni aláta á tún pín sí ọ̀nà méjì: èyí tó le, tó ń tà lówó gọbọi, àti ẹ̀sà, ìyẹn èyí tó ti rọ̀ tó sì ti là, tí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ń rà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀sà yìí, nítorí pé òun náà ń jẹ́ tòmátò tútù. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn là lásán lójú ọ̀nà, tí kò rùn, tí kò sì hu nǹkan kan lára, kò sí ẹ̀bi lára ẹni tó rà á, tó fọ̀ ọ́ dáadáa, tó gé ibi tó fọ́ kúrò, tó sì sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti hu irun funfun tàbí dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Lára àwọn ohun tó ń hù lórí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń tu oró síbẹ̀, oró náà kò sì ní í kúrò nítorí pé a hó o títí omi fi gbẹ. Ẹni tó bá ń jẹ irú èyí lójoojúmọ́, tó wá ń sọ pé òun kì í jẹ oúnjẹ inú agolo nítorí ìlera, ó yẹ kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ti ẹ̀fọ́ eléwé tún burú ju ti tòmátò lọ, torí pé láti ìgbà tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá ti fà á tu ni fítámì C rẹ̀ ti ń dínkù. Fíríìjì ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ kì í dá a dúró. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga University of California tó wà ní Davis, l'Amẹ́ríkà, ìyẹn Joy Rickman, Diane Barrett àti Christine Bruhn, kó iṣẹ́ ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ẹ̀fọ́ tútù, èyí tó wà nínú yìnyín, àti èyí tó wà nínú agolo. Wọ́n rí i pé bí gíríìnì bíìnsì bá lo ọjọ́ méje nínú fíríìjì, fítámì C tó máa ń bọ́ lára rẹ̀ lè tó ìdá 77 nínú 100, nígbà tí ti gíríìnì písì jẹ́ nǹkan bí ìdá 15. Inú fíríìjì tí iná rẹ̀ kò ṣẹ́jú nìyẹn o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá nílé, ẹ lè fi ojú inú wo ti àdúgbò yín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ inú agolo. Ogun ló bí i. Ní ọdún 1795, ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣèlérí 12,000 owó fránkì fún ẹni tó bá lè wá ọ̀nà tí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun kò fi ní í máa bàjẹ́. Nicolas Appert, ọkùnrin kan tó ń ṣe ohun dídùn tà, ló bọ́ sídìí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú ìgò ló ń kó oúnjẹ sí, á dé e pa, á sì hó ìgò náà nínú omi gbígbóná. Ó gba owó náà ní 1810. Lọ́dún yẹn kan náà ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa fi agolo ṣe é, nígbà tó sì di 1813, ilé iṣẹ́ Bryan Donkin ní Bermondsey, ní London, ti ń fi oúnjẹ inú agolo ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ojú omi. Bermondsey yìí kò jìnnà rárá sí Peckham tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, ọmọ obìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wà lára wọn. Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí oúnjẹ náà kò fi bàjẹ́, àfi nígbà tí Louis Pasteur fi hàn láàárín ọdún 1860 sí 1869 pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń ba oúnjẹ jẹ́, ooru sì ń pa wọ́n.

Ìlànà yẹn kò yí padà púpọ̀. Wọ́n á fọ ẹ̀fọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á kó o sínú agolo, wọ́n á dé e pa kí atẹ́gùn má lè wọlé, wọ́n á sì gbé agolo náà sínú ooru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbàgbọ́ pé oògùn ni wọ́n ń dà sí i tí kì í fi í bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru àti àìsí atẹ́gùn ló ń dá a dúró, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbàrà tí a bá ti ṣí i, kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tí a sè lánàá.

Ooru àkọ́kọ́ yìí ni òṣùwọ̀n ìyà tó ń jẹ ẹ̀fọ́ inú agolo. Gẹ́gẹ́ bí àkójọ Davis ti sọ, fítámì C tó ń sọnù lè jẹ́ bí ìdá 10 nínú 100, ó sì lè tó ìdá 90, ó dá lórí irú ẹ̀fọ́ tó jẹ́. Àdánù ńlá ni lóòótọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá ṣẹ́kù kì í fi bẹ́ẹ̀ dínkù mọ́, torí pé kò sí atẹ́gùn nínú agolo tó máa bà á jẹ́. Èyí ni ìyá Ìbàdàn kò mọ̀. Kì í ṣe pé oúnjẹ náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lórí pẹpẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé e ló ti san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fọ́ spinach ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn wa lókè òkun fi ń rọ́pò tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀. Nínú ìwé òṣùwọ̀n oúnjẹ tí ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ń tọ́jú, 100 gíráàmù spinach tútù ní nǹkan bí 28 mìlígíráàmù fítámì C. Ti inú agolo tí a ti gbọ́n omi rẹ̀ nù jẹ́ nǹkan bí 14. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé ìdajì ti lọ, pé Màmá ló jàre. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ń jẹ ẹ̀fọ́ riro ní tútù? Nígbà tí a bá se spinach tútù yẹn nínú omi, tí a sì da omi náà nù, ohun tó ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò tó 10 mìlígíráàmù. Ìyẹn ni pé ti inú agolo pọ̀ ju èyí tí a fi ọwọ́ ara wa sè lọ! Ní ti fọ́léètì, ti ilé ló borí: tútù ní máíkrógíráàmù 194, sísè ní nǹkan bí 146, ti inú agolo kò sì tó 100. Aláboyún tó bá lè rí ẹ̀fọ́ tútù, kó má fi ti agolo rọ́pò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀fọ́ nìkan kò tilẹ̀ tó fún un, kó lo oògùn fọ́líìkì tí wọ́n bá fún un ní ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ sísè yìí ló mú mi dé ilé ìdáná tiwa. Nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń bọ ẹ̀fọ́. A ó gé e, nígbà mìíràn a ó gé e tán ká tó fọ̀ ọ́, a ó da omi gbígbóná lé e, a ó fi iyọ̀ sí i, a ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí omi aláwọ̀ ewé yẹn á fi tán lára rẹ̀. Omi yẹn ni à ń dà sí ojú gọ́tà. Fítámì C wà nínú rẹ̀, fọ́léètì wà nínú rẹ̀, pọtáṣíọ̀mù tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá da èyí tó kù sínú epo gbígbóná, ká tún rò ó títí á fi dúdú. Lójú tèmi, ìyà tí a fi ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù báyìí kò kéré sí èyí tí ilé iṣẹ́ agolo ń fi jẹ tiwọn.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bọ ẹ̀fọ́ mọ́ o. Àwọn àgbà kò ṣe é lásán. Ó ń dín èròjà kíkan tó wà nínú tẹ̀tẹ̀ kù, èyí tí kì í jẹ́ kí ara rí kálíṣíọ̀mù gbà, tó sì lè di òkúta nínú kíndìnrín ẹlòmíràn. Ewúro kò ní í ṣeé jẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí a kò bá fọ ìkorò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, dókítà rẹ̀ tilẹ̀ lè pàṣẹ pé kó máa bọ ẹ̀fọ́ kó sì da omi rẹ̀ nù, nítorí pọtáṣíọ̀mù. Ṣùgbọ́n fún ara tó le, ká fọ̀ ọ́ kó tó di pé a gé e, ká má jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, ká má sì fún un bí ẹni fún aṣọ. Gbúre àti ewédú kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá. Epo tí a fi ń rò ó dára púpọ̀, torí pé láìsí epo, ara kì í rí kárótíìnì inú ẹ̀fọ́ gbà dáadáa. Ní ti èyí, àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kí ìwádìí tó dé.

Orí tòmátò ni agolo ti gba ipò kìíní. Ohun tó ń mú tòmátò pupa ni láíkópíìnì, èròjà kan tó ń gbógun ti àwọn nǹkan tó ń ba ara jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú tòmátò tútù, ó fara pamọ́ sínú ògiri ewé-ara èso náà, ara kì í sì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Ooru ló ń tú u sílẹ̀. Ní 1997, Christine Gärtner, Wilhelm Stahl àti Helmut Sies láti Düsseldorf ní ilẹ̀ Jámánì fún àwọn ènìyàn ní tòmátò tútù àti tòmátò alágolo tó ki, tí láíkópíìnì inú méjèèjì dọ́gba, tí wọ́n sì fi epo sí i. Láíkópíìnì tó wọ ẹ̀jẹ̀ láti inú èyí tó ki ju ti tútù lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ní ìgbà tó ga jù. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Cornell, l'Amẹ́ríkà, gbé tòmátò sórí ooru ìwọ̀n 88 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: fítámì C rẹ̀ fi ìdá 29 nínú 100 dínkù, àmọ́ láíkópíìnì tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ọwọ́ kan gbà, ọwọ́ kan fi sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé agolo ló ní idán yìí, ẹ rántí pé ooru ni. Ọbẹ̀ ata tí a lọ̀, tí a gbé kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí a wá dín nínú epo, gbogbo iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ló ti ṣe. Tòmátò inú agolo kékeré yẹn sì ki púpọ̀. Ó tó kìlógíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà tòmátò tútù tí wọ́n ń sè kó tó di kìlógíráàmù kan. Nítorí náà ẹni tó bá fi ṣíbí kan sínú ìkòkò, tó wá ń fi í wé tòmátò odindi méjì, kò fi ohun méjì tó dọ́gba wéra.

Níbi tí ọ̀rọ̀ agolo ti ń bà mí lẹ́rù ni iyọ̀. Tòmátò tútù 100 gíráàmù ní sódíọ̀mù mìlígíráàmù 5 péré. Irú rẹ̀ tó ki, tí wọ́n kò fi iyọ̀ sí, ní nǹkan bí 59. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí lè tó 790. Spinach tútù ní 79, ti inú agolo lé ní 300. Gíríìnì písì tí a fi ń dín ìrẹsì, 5 ni tútù rẹ̀, ti inú agolo lé ní 200. WHO sì ní sódíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù méjì, ìyẹn iyọ̀ tó kún ṣíbí tíì kan. Nínú ìkòkò kan náà yìí la ó tún ju kúùbù amọ́bẹ̀dùn méjì tàbí mẹ́ta sí, tó jẹ́ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ká tó wá bu iyọ̀ gan-an sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo ti bá àwọn tó ní in jókòó tí wọ́n ń ṣọ́ ẹran jẹ, tí wọn kò sì mọ̀ pé inú agolo tòmátò ni ìyà wọn ti ń wá.

Ohun tí a lè ṣe sí i wà. Ẹ ka ara agolo. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí pé wọn kò fi iyọ̀ sí. Ẹ̀wà, àgbàdo àti písì inú agolo, ẹ gbọ́n omi wọn dànù, kẹ́ ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣàn wọ́n. Ó lè mú tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá sódíọ̀mù wọn lọ. Tòmátò kò ṣeé ṣàn, nítorí náà bí ẹ bá ti lo agolo oníyọ̀, ẹ jẹ́ kí kúùbù sinmi lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ májèlé. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum, tó fẹ́ràn ibi tí atẹ́gùn kò sí. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi tó ń hó. Ooru tó tó ìwọ̀n 121 ni ilé iṣẹ́ fi ń pa á nínú àwọn ẹ̀fọ́ tí kò kan. Bó bá yè, oró rẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Agolo tó bá wú, tó ń jò, tó fọ́ ní etí ìdérí, tàbí tó tú omi jáde fíà nígbà tí a ṣí i, ẹ má tọ́ ọ wò rárá, kódà kí ó má rùn. Ẹ má sì ra èyí tó tẹ̀ gidigidi nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Bí ẹ bá ṣí agolo tí ohun inú rẹ̀ kò tán, ẹ dà á sínú ike tàbí ìgò kẹ́ ẹ tó gbé e sí fíríìjì. Ní ti èròjà BPA tí wọ́n ń fi kun inú agolo, ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin ní ìparí 2024 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń kan oúnjẹ, wọ́n sì fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àkókò láti ṣe àtúnṣe.

Nílé níbí, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó tòmátò alágolo tó ti di títà wọlé láti òkè òkun ní 2017. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni kòkòrò Tuta absoluta ti jẹ oko tòmátò run ní Kaduna àti agbègbè rẹ̀, tí apẹ̀rẹ̀ kan fi di ohun tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kò lè fọwọ́ kàn. Èyí tó pọ̀ jù lójà wa báyìí ni ti inú ọ̀rá pẹlẹbẹ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bí ó bá ti ní ìyẹ̀fun tàbí aró, kì í ṣe tòmátò nìkan lẹ ń rà.

Àwọn kan ń ra tòmátò púpọ̀ láàárín oṣù kejìlá sí ìkẹta tó máa ń wọ́pọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á tún hó ìgò náà. Kíkan tòmátò ń ṣèrànwọ́ níbẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sì tún ń fún un lágbára. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ilá tàbí ẹ̀wà, torí pé àwọn yẹn kò kan, omi híhó lásán kò sì lè pa botulinum inú wọn. Bí fíríísà bá wà, òun ló dára jù fún wọn: ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan tí a sì gbé sínú yìnyín kíákíá ń tọ́jú fítámì C ju agolo lọ, ó sì máa ń dára ju èyí tó ti rọ lójà fún ọjọ́ mẹ́ta. Sísá sóòrùn ń gbé irin àti kálíṣíọ̀mù pamọ́, àmọ́ ó ń pa fítámì C.

Ìyá Ìbàdàn lo oṣù mẹ́ta ní London. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé pé báwo ni ìjà agolo ṣe parí. Ó ní òun gba ti tòmátò, lẹ́yìn tí ọmọ òun ti bá òun wá èyí tí kò ní iyọ̀. Òun ń lọ ata rodo àti tàtàṣé tútù mọ́ ọn, òun sì ń dín in títí epo á fi léfòó. Ti spinach inú agolo, òun kò gbà á dọ̀la. Ó rí ṣọkọ̀ inú yìnyín rà ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan ní Peckham, ó sì ní owó rẹ̀ ga ju ti Bódìjà lọ ní ìlọ́po tí òun kò fẹ́ kà.